Ẹ Má Fà Á: Okùn, Òwú àti Ológbò Inú Ilé

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nílùú òkèèrè níhìn-ín máa ń pa àwọn ará ilé lẹ́rìn-ín. Ilé ìwòsàn ẹranko ni mo wà, mo ń ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, òru ni mo sì sábà máa ń ṣiṣẹ́. Bí ìyá mi bá pè, tí mo sọ fún wọn pé ológbò kan la ṣiṣẹ́ abẹ fún mọ́jú, wọn á kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀, wọn á wá ní, "Ṣé ológbò ọ̀hún ti jí?" Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń béèrè o, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣaláì béèrè.

Nínú gbogbo ohun tí ológbò ń gbé mì tí wọ́n fi ń gbé e sáré wá bá wa lóru, èyí tí mo kórìíra jù ni okùn. Kì í ṣe egungun, kì í ṣe ike. Okùn àti òwú ni. Ẹni tí kò mọ̀ á ní kí ni òwú lásán fẹ́ ṣe, ṣebí ó rọ̀, ṣebí á bá ìgbẹ́ jáde. Ó sì ń bá ìgbẹ́ jáde nígbà mìíràn lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ẹni tí ológbò rẹ̀ gbé òwú mì lẹ́ẹ̀kan tí nǹkan kan kò ṣe é á gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí.

Ológbò tó ń jáde síta ní eku àti aláǹgbá láti lé. Níbi tí mo ń gbé, ọ̀pọ̀ ológbò ni kì í fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ìta láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wọlé títí á fi darúgbó. Yàrá méjì, àga onítìmùtìmù kan, fèrèsé tí a tì pa nítorí òtútù, gbogbo ayé rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ ọdẹ kò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Kí òwú kan ṣáà wọ́ kọjá lórí ilẹ̀, á lúgọ, á mi ìdí, á bẹ́ mọ́ ọn. Ohun tín-ín-rín tó ń wọ́ lọ, ìrù eku ni lójú tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ahọ́n tún wà níbẹ̀. Bí ológbò bá ti lá yín lọ́wọ́ rí, ẹ ó ti mọ̀ pé ó máa ń ha èèyàn lára. Ẹ̀gún wẹ́wẹ́ ló bo ahọ́n náà, irú ohun líle tó di èékánná lára wa ló di ẹ̀gún níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì tẹ̀ sí apá ọ̀fun. Òun ni ológbò fi ń ya irun ara rẹ̀, òun ló fi ń họ ẹran kúrò lára egungun. Bí òwú bá ti kọ́ àwọn ẹ̀gún yìí, títu ú dànù di ìṣòro, torí bó ṣe ń fi ahọ́n tì í ló ń wọlé sí i. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ebi òwú ń pa ológbò. Eré ló ń ṣe, kó tó mọ̀, ìdajì ti wọ ọ̀fun, ìyókù sì ń tẹ̀ lé e.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn lẹ́yìn ìyẹn ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ èyí. Bí ológbò bá gbé bọ́ọ̀lù kékeré mì, ó lè há síbì kan, kó dí ọ̀nà. Okùn ní tirẹ̀ ní orí méjì. Orí kan á há, orí kejì á máa bá ìrìn lọ. Ibi méjì ló sì sábà máa ń há sí. Ọ̀kan ni abẹ́ ahọ́n, níbi tí okùn á ti lọ́ mọ́ ìdí ahọ́n. Èkejì ni ẹnu ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà kúrò nínú àpò ikùn bọ́ sínú ìfun, òwú á dì di kókó níbẹ̀, kò ní lè kọjá. Ìfun kò sì mọ̀ pé nǹkan há. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa sún kì, kó máa nà, kó máa ti ohun inú rẹ̀ síwájú. Ó ń ti okùn, okùn kò lọ. Ìgbà tí okùn kò lọ, ìfun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gun okùn. Ẹ wo okùn ṣòkòtò. Bí ẹ bá fà á, ṣe ni etí ṣòkòtò á sún jọ lórí okùn náà. Bí ìfun ológbò ṣe ń sún jọ gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Kò mọ síbẹ̀. Okùn ti nà tantan báyìí, ìfun kò sì yéé ṣiṣẹ́. Gbogbo ìgbà tó bá sún ni okùn náà ń gé e láti inú, ní ẹ̀gbẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ inú ìfun. Ó lè lu lójú kan, ó sì lè lu lójú púpọ̀. Bó bá ti lu, ohun ẹlẹ́gbin inú ìfun á tú sínú ikùn, kòkòrò àrùn á ráyè wọ ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni dókítà tó mọṣẹ́ jù lọ náà ti ń bẹ̀rù, torí ológbò lè bá a lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ okùn tán.

Ọ̀rẹ́ àbúrò mi kan, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, gba ológbò fún àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ gígùn. Alẹ́ ọjọ́ kan ló pè mí. "Bùrọ̀dá, ẹ má bínú pé ilẹ̀ ti ṣú. Okùn kan ń yọ ní ìdí ológbò wa. Mo ti wọ ìbọ̀wọ́. Ṣé kí n fà á?"

Mo ní, "Jọ̀ọ́, gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀."

Ó rò pé ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ni, ó ní ìbọ̀wọ́ náà mọ́. Mo wá bi í pé, "Orí kejì okùn yẹn ńkọ́, ṣé o mọ ibi tó wà?" Ó dákẹ́. Èmi náà kò mọ̀, ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ lójú lásán. Ó lè ku bíńtín kó jáde tán. Ó sì lè jẹ́ pé inú àpò ikùn ni orí rẹ̀ há sí, tí ìfun látòkè délẹ̀ ti sún jọ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fà á nígbà yẹn ti fà á lé ìfun lórí, ó sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé e. Nígbà tí wọ́n gbé ológbò náà dé ọ̀dọ̀ wa, rìbọ́ọ̀nù tí wọ́n fi di ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ni dókítà bá, kókó rẹ̀ ṣì wà nínú àpò ikùn. Wọ́n yọ ọ́, ìfun kò tíì lu. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni ológbò náà ń sùn báyìí, kò tilẹ̀ ń dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Ní ìdí ni o, ní ẹnu ni o, ẹ má fà á. Ẹ má fún un ní epo pé kó lè yọ̀. Ẹ má fún un ní omi iyọ̀. Ẹ má sì gbìyànjú láti mú un bì. Hydrogen peroxide, oògùn olómi tí a fi ń fọ egbò, tí àwọn kan ń dárúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ó ń mú ológbò bì, ṣe ló ń bó inú àpò ikùn ológbò, ó lè débi pé ẹ̀jẹ̀ ni yóò máa bì. Bí abẹ́rẹ́ bá sì wà lẹ́nu òwú náà, ẹ ti mọ ọ̀nà tó máa gbà padà bọ̀.

Bí ojú yín kò bá tó o nígbà tó ń gbé e mì, kí lẹ ó fi mọ̀? Èébì ló sábà máa ń ṣáájú, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tó fi ń pọ irun jáde o, èyí tí kò dáwọ́ dúró ni mò ń wí. Á kọ oúnjẹ. Itọ́ lè máa dà lẹ́nu rẹ̀, ó lè máa fi ẹsẹ̀ iwájú ha ẹnu bíi pé nǹkan ń dá a láàmú. Kò ní fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan ikùn òun. Èyí tó máa ń ṣì ọ̀pọ̀ lọ́nà ni pé ológbò kì í sábà ké ìrora. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló máa lọ dákẹ́ sí, àwọn onílé á ní ó ń sùn ni. Ẹ má sì dúró dè é pé tí ebi bá pa á yóò jẹun. Ológbò tí kò jẹun fún ọjọ́ mélòó kan, pàápàá tó bá sanra, ọ̀rá á ya bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ìyẹn nìkan tó láti pa á.

Mo fẹ́ràn láti máa wo dókítà tó mọṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń wá okùn. Kó tó kan ẹ̀rọ kankan, ẹnu ni wọ́n á kọ́kọ́ yà. Wọ́n á fi àtàǹpàkò ti abẹ́ àgbọ̀n sókè kí ahọ́n lè gbé, torí òwú tín-ín-rín lè ti rì sínú ẹran abẹ́ ahọ́n débi pé ẹni tó bá ń kánjú á wò ó kọjá. Okùn fúnra rẹ̀ kì í sábà hàn lórí X-ray. Ìfun tó ká jọ àti atẹ́gùn wẹ́wẹ́ tó há sáàárín rẹ̀ ni wọ́n ń wò. (Abẹ́rẹ́ ní tirẹ̀ máa ń hàn ketekete, gbogbo wa á sì mí kanlẹ̀.) Bó bá di iṣẹ́ abẹ, kì í ṣe ojú kan ni wọ́n á ṣí kí wọ́n fa okùn jáde pọ̀ọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ gé e kúrò níbi tó há sí, wọ́n á ṣí àpò ikùn, wọ́n á ṣí ìfun lójú mélòó kan, wọ́n á sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Apá tó bá ti kú lára ìfun, wọ́n á gé e dànù, wọ́n á so orí méjì tó kù pọ̀. Bí wọ́n bá tètè gbé ológbò wá kí ìfun tó lu, ọ̀pọ̀ ló ń yè é. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré níbikíbi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba insọ́ránsì fún ológbò, kó gbà á nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, torí wọn kì í sábà sanwó lórí àìsàn tó ti wà tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe ẹni tó ń hun aṣọ nìkan ló kàn. Okùn tí a fi ń yọ ìdọ̀tí àárín eyín, rọ́bà tí a fi ń di irun, okùn bàtà, okùn tí a fi di ẹran kí a tó yan án, tó ti rùn dáadáa fún imú ológbò. Okùn kọ́tìnnì. Okùn dídán tí a fi ń ṣe igi Kérésìmesì lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ̀yin tó ń dirun nílé, irun tó já sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti dì í tán náà wà níbẹ̀, ẹ gbá a mọ́. Garawa ìdọ̀tí tó ní ìdérí ṣe pàtàkì nínú balùwẹ̀ ju èyí tó lẹ́wà lọ.

Àwọn ewu mìíràn tí kì í ṣe okùn tún wà, n kò ní pẹ́ lórí wọn. Òdòdó lílì, ẹ má gbé e wọlé rárá bí ẹ bá ní ológbò. Ewé rẹ̀, ìyẹ̀fun rẹ̀, títí kan omi tí ẹ fi í sí, gbogbo rẹ̀ ló lè mú kí kíndìnrín ológbò dáṣẹ́ sílẹ̀ láàárín wákàtí 24 sí 72. Paracetamol hóró kan lè pa á, torí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè tú oògùn náà palẹ̀ bíi tèèyàn. Oògùn eégbọn ajá tó ní permethrin (èròjà apakòkòrò kan) nínú máa ń mú kí ológbò gbọ̀n, kí gìrì sì mú un. Fèrèsé tó ń ṣí láti òkè náà kò dára. Ológbò á gbìyànjú láti gba ibẹ̀ jáde, á yọ̀ sísàlẹ̀ níbi tó ti fún, á há. Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ ìfọṣọ tàbí ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ, ẹ wo inú rẹ̀, torí wọ́n fẹ́ràn ibi tó móoru.

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá kí àwọn má fi okùn bá ológbò ṣeré mọ́. Ẹ fi ṣeré. Igi tí wọ́n so okùn àti ìyẹ́ mọ́, ológbò gbádùn rẹ̀ gan-an, ó sì nílò rẹ̀ torí ó wà nínú ilé látàárọ̀ dalẹ́. Ọwọ́ yín ni kó ti máa wá. Bí eré bá parí, inú dúrọ́ọ̀ tó ń tì ló ń padà sí, kì í ṣe orí àga.

Ẹ wá nọ́ńbà ilé ìwòsàn ẹranko tó ń ṣí lóru ládùúgbò yín, ẹ kọ ọ́ sínú fóònù lónìí. Bí ẹ bá rí ológbò tó gbé òwú mì, ẹ pè wọ́n lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de èébì. Ẹ mú èyí tó kù lára òwú náà dání wá, kí dókítà lè mọ irú èyí tó jẹ́, kó sì fojú wo bí èyí tó wọlé ti lè gùn tó.