Àdìrẹ, Erinmi àti Òru Mẹ́rin Létí Odò Luangwa

Nígbà tí mo pé ọgọ́ta ọdún, àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Lusaka, ní orílẹ̀-èdè Sáńbíà, ní òun kò ní fowó sí àríyá kankan. Ó ní kí n wá, kí òun mú mi lọ sùn fún òru mẹ́rin nínú ilé àlejò kan létí odò Luangwa, láàrin àwọn ẹranko. Mo ní, "Ṣé ìyà tí mo ti jẹ kò tíì tó ni, tí mo fi máa lọ bá kìnnìún gbé?" Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ṣáà máa bọ̀. Irú bẹ́ẹ̀dì tí ẹ máa sùn lé níbẹ̀, ẹ ò ní irú ẹ̀ n'Íbàdàn." Òótọ́ ló sọ. Bẹ́ẹ̀dì yẹn náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó mi sí wàhálà. Màá dé ibẹ̀.

Láti Èkó, mo gba Addis Ababa kọjá sí Lusaka. Ẹ mú yẹ́lò káàdì yín dání, ìyẹn ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, nítorí pé wọ́n máa ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. Ẹ má sì ṣe bí èmi tó ń fọ́nnu pé ibà kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn ní nǹkan. Ẹ̀fọn pọ̀ létí odò, ibà sì wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbéra.

Láti Lusaka sí Mfuwe, tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà igbó ọba South Luangwa tí a ń lọ, ẹ lè gba ojú títì lọ, kí ẹ kọjá ní ìlú Chipata, ṣùgbọ́n odindi ọjọ́ kan ni. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré kì í fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí kan lọ. Wọ́n ti kọ ọ́ síwèé fún wa pé báàgì rírọ̀ ni kí a gbé, kó má ju kílò 15 lọ. Èmi gbé àpótí líle onítáyà wá, bí ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà. Àbúrò mi wò ó, kò sọ nǹkan kan, ó jáde lọ sọ́jà. Kí ni kò rà bọ̀ bí kì í ṣe báàgì Ghana Must Go! Báàgì tí a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ni mo gbé wọ bàálù, kò sì sí èyí tó rọrùn láti tì sábẹ́ àga bíi tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló wá tẹ̀lé e. Mo ti dá bùbá àdìrẹ aláró méjì pàtó fún ìrìn àjò yìí, torí mo fẹ́ kí fọ́tò mi dáa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo wọ ọ̀kan, a gun mọ́tò tí kò ní òrùlé, a wọgbó. A kò tíì rin jìnnà tí eṣinṣin fi bò mí. Kì í ṣe eṣinṣin ilé o! Tsetse ni, tó máa ń gba ara aṣọ gún èèyàn. Ó jẹ mí léjìká, ó jẹ mí lẹ́yìn, àwọn tó kù nínú mọ́tò sì jókòó jẹ́jẹ́ nínú aṣọ aláwọ̀ eruku wọn. Afinimọ̀nà wa rọra dá mọ́tò dúró, ó nàka sí aṣọ kan tí wọ́n so kọ́ sára igi lọ́nà jíjìn, tó ní búlúù, tó ní dúdú. Ó ní oògùn ni wọ́n fi rẹ aṣọ náà, pé àwọ̀ búlúù àti dúdú ni tsetse fẹ́ràn jù, òun ni wọ́n fi ń tàn án wá kú. Ó wá wo bùbá mi. Mo lóye. Èmi ni mo di pańpẹ́ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn aró, ẹ fi í sílé. Aṣọ aláwọ̀ ewé gbígbẹ tàbí ti iyanrìn ni kí ẹ kó lọ, kí ẹ sì mú súwẹ́tà kún un. Ní oṣù Kẹfà sí Ìkẹjọ, òtútù òwúrọ̀ nínú mọ́tò tí kò lórùlé kì í ṣe ohun tí ọmọ Nàìjíríà ń rò tí wọ́n bá dárúkọ Áfíríkà.

Igbó ọba South Luangwa tóbi tó 9,050 kìlómítà níbùú lóòró. Ní 1972 ni wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ẹranko ti orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àlejò ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Ní 1950, Norman Carr tó jẹ́ aláṣẹ igbó bá Olóyè Nsefu ṣe àdéhùn pé kí wọ́n kọ́ àgọ́ fún àwọn tó fẹ́ wá wo ẹranko láì pa á, kí owó rẹ̀ sì máa bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará ìlú. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn ju gbogbo ìtàn kìnnìún tí mo gbọ́ lọ. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé ẹ máa bèèrè, kí ẹ tó sanwó, bóyá inú ọgbà ni ilé àlejò yín wà tàbí ní òdìkejì odò lápá ibi tí abúlé wà. Ti inú ọgbà sábà máa ń wọ́n jù. Tiwa wà ní òdìkejì. Odò nìkan ló wà láàrin wa, erin kò sì mọ ibi tí ààlà ìjọba wà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti yàrá náà. Omi gbígbóná wà, aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun gbòò, ẹnìkan sì ń gbé tíì wá bá mi ní aago márùn-ún ìdájí. Kò ní ògiri níwájú. Nẹ́ẹ̀tì àti aṣọ ìkélé nìkan ló wà láàrin èmi àti odò. Kò sì sí ọgbà yí ilé náà ká. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: kò sí ọgbà, kò sí wáyà. Lálẹ́ ọjọ́ tí a dé, alábòójútó ibẹ̀ kìlọ̀ fún wa pé tílẹ̀ bá ti ṣú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá rìn. Kí á ṣẹ́ tọ́ọ̀ṣì láti ẹnu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ máa wá mú wa. Mo gbọ́ ọ bí mo ṣe máa ń gbọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bàálù tí wọ́n bá ń ṣàlàyé bí a ṣe ń de bẹ́líìtì.

Ní alẹ́ kẹta, ṣájà fóònù mi wà nínú yàrá àbúrò mi. Kò ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ. Wọ́n ti gbálẹ̀ ọ̀nà náà mọ́ tónítóní, àwọn àtùpà kéékèèké tò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀dì dáadáa àti ọ̀nà mímọ́ yẹn ti mú mi gbàgbé pé inú igbó ni mo wà. Mo ní kí ni mo fẹ́ máa da ẹ̀ṣọ́ láàmú sí nítorí ọgbọ̀n ìṣísẹ̀? Mo rìn dé àárín, mo rí mọ́tò kan tó dúró lórí koríko. Mo ń rò ó lọ́kàn pé ta ló páàkì síbí báyìí, ni mọ́tò náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Erinmi ni. N kò lè pariwo, n kò lè sá. Ọwọ́ kan ló dì mí lọ́rùn ọwọ́ láti ẹ̀yìn, tí ẹnìkan sì ń sọ sí mi létí pé, "Amai, pang'ono pang'ono," ìyẹn ni pé, màmá, díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ni. Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe sẹ́yìn, títí a fi dé ẹ̀yìn ògiri ilé ìdáná. Ibẹ̀ ló ti ṣàlàyé fún mi pé lóru ni erinmi máa ń jáde nínú omi láti wá jẹ koríko, pé ohun tó ń bí i nínú jù ni kó rí ènìyàn tó dúró láàrin òun àti odò. Ibẹ̀ gan-an ni mo dúró sí. Kò bá mi wí. Ìyẹn ló dùn mí jù, àgbà bíi tèmi.

Láti ìgbà yẹn, mo máa ń ṣẹ́ tọ́ọ̀ṣì kódà tí mo bá fẹ́ lọ síbi oúnjẹ tí mo ń wò lọ́ọ̀ọ́kán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, kò tilẹ̀ sẹ́ni tó nílò láti kìlọ̀ fún mi, torí erin ló dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi tó ń jẹ ewé fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Tèmi kò kọjá rárá, àti ìpéǹpéjú rẹ̀ ni mo rí. Mo pàdánù oúnjẹ àárọ̀. Ẹ má fi oúnjẹ pamọ́ sí yàrá láti fi dí irú àkókò bẹ́ẹ̀ o. Ṣin-ṣin tí mo fi ọ̀rá wé nínú báàgì, àwọn ọ̀bọ ti tú u jẹ tán lọ́jọ́ kejì tí a dé, wọ́n sì fi ọ̀rá rẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Wọ́n máa gbé yín jáde lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́, ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́ wọ òru. Ẹ má pa ti alẹ́ jẹ. Iná àtọwọ́dá ni wọ́n fi ń wá ẹkùn, a sì rí ọ̀kan tó gbé ẹran sórí igi. Ẹkùn tí a fi ń ki àwọn akọni nílẹ̀ Yorùbá, òun nìyí, alámì tó-tò-tó lára. Àwọn tó kọ́ wa níléèwé pé táígà ni ẹkùn ṣì wá lọ́nà, kò sí táígà nínú igbó Áfíríkà kankan. Ṣùgbọ́n ẹ yọ ìrọ̀lẹ́ kan sílẹ̀, kí ẹ kọ̀, kí ẹ jókòó.

Èmi kọ̀ lọ́jọ́ kejì tí a dé. Mo gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti aago mẹ́ta. Oṣù Kẹsàn-án ni, odò ti fà, iyanrìn ti yọ ní àárín rẹ̀, àwọn erinmi fún ara wọn mọ́ ìwọ̀nba omi tó kù bí èrò inú dánfó. Ọ̀nì kan yanu sílẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, n kò sì mọ ìgbà tó pa á dé. Àwọn ẹyẹ kan tó pupa bí àlàárì gbẹ́ ihò sí ara bèbè odò, wọ́n ń wọlé wọ́n ń jáde. Igi pàǹdòrò wà níwájú mi. Nílé wa, ọ̀dọ̀ oníṣègùn la ti mọ igi yẹn. Níbẹ̀, òdòdó rẹ̀ ń já bọ́, ẹran kan tí wọ́n ń pè ní puku, tó jọ àgbọ̀nrín, ń ṣà á jẹ bí ẹni ń ṣa àgbálùmọ̀. Wọ́n ti sọ fún mi kí n má gbé àga sábẹ́ rẹ̀, torí tí èso rẹ̀ bá bọ́ lu ènìyàn, ọ̀rọ̀ di ti ilé ìwòsàn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀, erin mọ́kànlá sọ̀kalẹ̀ sínú omi. Ìyá àgbà wọn ló ṣáájú. Ọmọ kékeré kan wà láàrin àwọn abo méjì, ọwọ́jà rẹ̀ nìkan ló yọ sókè omi. Ìyá rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ tì í láti ẹ̀yìn. Wọ́n gun bèbè, ọmọ náà yọ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo wọn dúró dè é.

Àbúrò mi padà dé lálẹ́, eruku bò ó, ó ní kìnnìún tó ń sùn làwọn rí.

Ní ti oúnjẹ, ti òyìnbó ni wọ́n máa gbé wá tí ẹ kò bá sọ̀rọ̀. Mo lọ kí alásè ní èdè wọn, "Muli bwanji?", mo ní kó bu èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jẹ fún mi. Nshima ni, tó jọ túwó àgbàdo funfun, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi ẹ̀pà gígún sè àti ẹja kapenta tíntìntín. Ata gígún tí mo gbé láti ilé ló parí iṣẹ́ náà.

Ẹ yẹra fún oṣù Kẹwàá tí ooru kò bá bá yín lára mu. Ó máa ń tó 40 dígírì (Celsius) nínú òjìji. Láti oṣù Kọkànlá ni òjò ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ àgọ́ sì máa ń tì títí yóò fi dá.

Ní ọjọ́ tí a ń lọ, mo fi owó ọpẹ́ sínú àpótí tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pín, mo sì fún afinimọ̀nà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ yẹn ni mo wá lọ bá. Mo gbé bùbá àdìrẹ kejì, tí n kò wọ̀ rárá, fún un pé kó fún ìyàwó rẹ̀. Ó fọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ní "Zikomo", ó tú u wò, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyàwó òun máa fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, inú ilé ni yóò ti máa wọ̀ ọ́.