Ẹ Wo Ìwé Ọkọ̀ Kí Ẹ Tó Gba Kọ́kọ́rọ́: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Pontoon Tí Wọ́n Fi Ń Tọrẹ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn àjọ aláàánú ní Minnesota níbí, ní Amẹ́ríkà, wọ́n á ti sọ fún yín pé iṣẹ́ gbígba ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi tọrẹ kò le. Ẹnì kan á pè, á ní òun ní pontoon tí òun kò lò mọ́, ẹ̀yin á ní ẹ ṣeun, ẹ ó rán ẹni tó máa lọ fà á wá, ó parí. Ẹ má gbọ́ tiwọn. Ọrẹ tí ẹni tó máa gbà á kò bá jókòó ṣírò dáadáa, gbèsè ló ń sọ kalẹ̀ sílé. Kí ẹ tó béèrè iye tí ọkọ̀ náà jẹ́, ẹ bi ara yín pé: ta ni yóò rà á, ìgbà wo ni yóò rà á, èló ni yóò sì ṣẹ́ kù sọ́wọ́ àjọ?

Bí ẹ kò bá tíì rí pontoon rí, ọkọ̀ ojú omi tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni. Ọ̀pá alumíníọ̀mù ràgàjì méjì tàbí mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ wà nínú wọn ló gbé e dúró, wọ́n to pákó plywood lé wọn lórí, wọ́n to àga yí i ká, ẹ́ńjìnì wà lẹ́yìn. Àgbẹ̀ kan ní ìlú Richmond ní ìpínlẹ̀ yìí, Ambrose Weeres, ni wọ́n gbà pé ó sọ ọ́ di ọjà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Kò yára, kò sì sí ẹni tó rà á torí eré sísá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tó ń léfòó ni: bàbá àgbà, ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ á jọ jókòó, wọ́n á máa jẹ ẹran sísun lójú adágún. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń pè wá, ọmọ olóògbé ni wọ́n. Bàbá ti lọ, wọ́n fẹ́ ta ilé etí adágún, ọkọ̀ sì wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbé lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ìwé ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Minnesota, ọkọ̀ ojú omi tó bá gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 16 lọ gbọ́dọ̀ ní táítù, ìyẹn ìwé tó fi hàn ẹni tó ni ọkọ̀, àfi èyí tí wọ́n ṣe kí oṣù kẹjọ ọdún 1979 tó wọlé àti irú àwọn ọkọ̀ àjẹ̀ báyìí. Pontoon tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Tírélà kékeré tí wọ́n fi ń fà á ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹni tó ń tọrẹ kì í sì í rántí rẹ̀. Bí orúkọ bàbá bá ṣì wà lórí táítù, ọmọ kò lè kàn fọwọ́ sí i nítorí pé òun ni dáwódù. Ó gbọ́dọ̀ mú ìwé wá tó fi hàn pé òfin fún un láṣẹ lórí ogún náà. Bí báńkì bá yá wọn lówó ra ọkọ̀ náà nígbà kan, ẹ béèrè ìwé tí báńkì fi sọ pé gbèsè ti tán, kódà bí wọ́n bá búra pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti san án. Kí wọ́n sì ya fọ́tò nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní HIN. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 ni lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún 1972. Ẹ fi wé ti inú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, ẹ má rán ẹnikẹ́ni lọ fà á.

Ara ọkọ̀ ńkọ́? Fọ́tò kì í fi gbogbo rẹ̀ hàn. Ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ló wọ omi kẹ́yìn, ṣé ó máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bó bá ń tẹ̀, omi ti wọnú ọ̀pá kan nìyẹn. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ rìn káàkiri lórí rẹ̀, kí ẹsẹ̀ yín máa wá ibi tó rọ̀, torí kápẹ́ẹ̀tì máa ń bo pákó tó ti jẹrà mọ́lẹ̀. Ẹ ní kí mẹkáníìkì tú ọ́ìlì gíà ẹ́ńjìnì wò: bó bá funfun bíi wàrà, omi ti dàpọ̀ mọ́ ọn. Síbẹ̀, tèmi ni pé pontoon tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti kú sàn ju ọkọ̀ fiberglass (ike tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì mú le) tó ń dán lọ. Àwọn tó ń ra àlòkù irin á gba alumíníọ̀mù lọ́wọ́ yín, wọ́n á sì fún yín lówó. Fiberglass tó ti bàjẹ́, ẹ̀yin lẹ máa sanwó kí wọ́n tó bá yín gbé e dànù.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìgbà. Oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá làwọn olùtọrẹ máa ń pọ̀, nígbà tí wọ́n bá rí iye tí wọ́n máa san fún ibi ìgbọ́kọ̀sí kí yìnyín tó dé. Wọ́n tún máa ń ya wá ní oṣù Kejìlá nítorí owó orí. Àwọn tó ń ra pontoon kì í sì í jáde títí yìnyín á fi yọ́ lójú adágún, ní nǹkan bí oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún. Láàárín méjèèjì, àjọ ló ń san owó ibi ìgbọ́kọ̀sí, òun ló ń san ìnṣọ́ránsì. Ká ní ọkọ̀ kan máa tà ní $2,000. Ẹ yọ owó ẹni tó fà á wá, ẹ yọ owó oṣù márùn-ún nílẹ̀, ẹ yọ ìdá tí àwọn oní-gbàǹjo máa mú, kí ẹ wá wo ohun tó kù. Mo ti kọ́ láti sọ fún ẹni tó pè ní oṣù kẹwàá pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò ó sẹ́yìnkùlé yín, ká fọwọ́ sí ìwé ní oṣù kẹrin." Ọ̀pọ̀ máa ń gbà. Àwọn tí kò gbà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ jẹ́ kó lọ.

Owó orí ni ibi tí ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀, torí náà ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa. Láyé ọjọ́un, olùtọrẹ kàn máa wo iye ọkọ̀ nínú ìwé iye ọjà ni, á kọ ọ́ ránṣẹ́ sí IRS, ilé iṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀. Ní 2003, ilé iṣẹ́ ayẹ̀wéwò ìjọba àpapọ̀, GAO, tọpa mọ́tò 54 tí wọ́n fi tọrẹ. Nínú bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn, ohun tó dé ọwọ́ àjọ aláàánú kò ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí olùtọrẹ kọ sílẹ̀ lọ. Òfin ọdún 2004 dí ihò yẹn, fún mọ́tò àti fún ọkọ̀ ojú omi. Láti 2005, bí àjọ bá ta ọkọ̀ láìlò ó, iye tí ọkọ̀ náà tà gan-an ni olùtọrẹ lè yọ kúrò nínú owó tí wọ́n máa bu owó orí lé. Bí ọkọ̀ kò bá tà ju $500 lọ, ó lè yọ iye tó jẹ́ lọ́jà, kó má sáà kọjá $500. Èyí tó bá tà jù bẹ́ẹ̀ lọ, àjọ gbọ́dọ̀ fún un ní Fọ́ọ̀mù 1098-C, ìwé ẹ̀rí ọrẹ tó ń sọ iye tí ọkọ̀ tà, láàárín ọjọ́ 30 tí wọ́n ta ọkọ̀.

Ẹ wá wo ẹni tó fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá, tí a sì tà á ní oṣù karùn-ún. Ọjọ́ ìfìwé-owó-orí-ránṣẹ́ ti kọjá ní àárín oṣù kẹrin, fọ́ọ̀mù rẹ̀ kò sì tíì sí. Ọ̀nà méjì ló ní: kó fi Fọ́ọ̀mù 4868 tọrọ àfikún oṣù mẹ́fà, tàbí kó fìwé ránṣẹ́ láìdárúkọ ọkọ̀, kó wá fi 1040-X tún un ṣe lẹ́yìn náà. Ẹ sọ èyí fún un lọ́jọ́ tó bá pè. Bó bá di oṣù kẹta kó tó gbọ́, ẹ̀yin ni yóò máa bú.

Kí ẹ sì má ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé owó orí rẹ̀ máa dín kù. Ní ti owó orí ìjọba àpapọ̀, kìkì ẹni tó bá ń to ìnáwó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sórí ìwé tí wọ́n ń pè ní Schedule A ló máa rí i gbà. Láti 2018 tí iye tí ìjọba ń yọ fún gbogbo èèyàn tí kò bá to ìnáwó (standard deduction) ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, tó di $12,000 fún àpọ́n àti $24,000 fún tọkọtaya lọ́dún yẹn, àwọn tó ń to ìnáwó báyìí ti dín kù gan-an. Olówó lè jàǹfààní. Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì tí kò jẹ gbèsè ilé lè má rí kọ́bọ̀.

Mo ní iye tí ọkọ̀ tà ni olùtọrẹ lè yọ, àfi bí àjọ bá fẹ́ lo ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Àwọn àgọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó wà fún àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara fẹ́ràn pontoon, nítorí pé kẹ̀kẹ́ arọ lè yí gorí rẹ̀ tààrà. Irú ìlò bẹ́ẹ̀, bó bá jẹ́ gidi tó sì pẹ́, ló ń jẹ́ kí olùtọrẹ lè yọ iye ọjà. Bí ohun tó ń yọ bá ju $5,000 lọ, onímọ̀ iye ọjà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kí olùtọrẹ sì kún apá kejì (Section B) Fọ́ọ̀mù 8283, ìwé tí wọ́n fi ń ròyìn ọrẹ tí kì í ṣe owó. Bí àjọ bá sì wá ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ọdún mẹ́ta tó pé, Fọ́ọ̀mù 8282, tí àjọ fi ń sọ fún IRS pé òun ti tà á, di dandan. Olùtọrẹ kan á bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣáà fàmì sí àpótí tó wà lórí 1098-C, èyí tó sọ pé àjọ máa lo ọkọ̀ tàbí pé ó máa ṣe àtúnṣe ńlá sí i kó tó tà á, torí pé ẹ fọ àga rẹ̀, ẹ sì kùn ún ní ọ̀dà. IRS kò ka fífọ àga àti kíkùn ọ̀dà sí àtúnṣe ńlá, ìtanràn sì wà fún àjọ tó bá fi irọ́ sí ìwé yẹn. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ kọ̀.

Àwọn ará wa ní ṣọ́ọ̀ṣì náà á ní: "Ẹ kúkú fi ránṣẹ́ sílé, sí Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìlàjẹ." Ó wu èmi náà. Àmọ́ pontoon tó wọ́pọ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ààbọ̀, inú kọ̀ntéínà kò sì fẹ̀ tó mẹ́jọ. Ẹ máa tú orí rẹ̀ palẹ̀ kó tó wọlé. Bí olùtọrẹ bá sì fún ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní tààrà, IRS kò ní gbà á wọlé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá fà á, ẹ rí i pé wọ́n ti yọ gbogbo ìdí tó ń dá omi dúró nínú ọkọ̀, wọ́n sì ti gé koríko omi kúrò lára rẹ̀ àti lára tírélà. Òfin ìpínlẹ̀ yìí ni, nítorí ìṣáwùrú kékeré tí wọ́n ń pè ní zebra mussel tó ń ba adágún jẹ́, ẹni tó ń fà á lójú títì sì ni ìyà òfin náà máa jẹ. Kí olùtọrẹ fi tó ìjọba létí lọ́jọ́ náà pé ọkọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ òun, torí títí tí wọ́n á fi pa orúkọ rẹ̀ dà, òun ni wọ́n máa wá bá bí ẹnì kan bá fi ọkọ̀ náà ṣe jàǹbá.