Ìròyìn ayọ̀ ní Tákíẹ̀

Ẹ̀yin ará mi, ẹ bá mi yọ̀. Ìròyìn burúkú ti ń lé oorun lójú mi tipẹ́.

Mo dúró ra àkàrà ní Tákíẹ̀, l'Ógbòmọ̀ṣọ́ wa níbí, rédíò ń sọ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe fọwọ́ sí i ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 pé Íjíbítì ti bọ́ lọ́wọ́ ibà ẹ̀fọn. Ó gbà wọ́n ní nǹkan bí ọdún 100! Cape Verde náà ti ṣe é lóṣù kìn-ín-ní ọdún yẹn.

Ìyá alákàrà dáwọ́ dúró. "Ibà yìí náà?"

Ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn, ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀ ni.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọlọ́run á mú un dé ọ̀dọ̀ wa."

Àmín tí gbogbo wa ṣe pọ̀! Ara mi fúyẹ́ títí mo fi délé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá gbọ́ irú ìròyìn báyìí, kó fi ránṣẹ́ sí mi.