Ẹ ka ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kí ẹ tó kọ fọ́múlà: ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yin àbúrò tó ń ṣe kẹ́mísìrì l'Óṣogbo

Ẹ̀yin àbúrò tó ń múra WAEC àti NECO, àṣìṣe kan náà ni à ń bá pàdé lọ́dọọdún nínú ìwé yín, láti Òkè-Fìà dé Ọ̀láìyá. N kò ní tún sọ pé átọ́ọ̀mù ní pùrótọ́ọ̀nù, SS1 ti bá yín sọ ìyẹn tán. Ohun mẹ́ta péré ni mo ní í sọ.

Èkíní: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nìkan ló ń rìn. Sódíọ̀mù ní pùrótọ́ọ̀nù 11 àti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 11, tí wọ́n tò ní 2, 8, 1. Bí ọ̀kan tó wà níta bá lọ, pùrótọ́ọ̀nù ṣì jẹ́ 11, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ku 10, ìdí rèé tí a fi ń kọ Na⁺. Kilóríìnì, 2, 8, 7, á gba ọ̀kan, á di Cl⁻. Ẹ má sì kọ ọ́ sínú ìdánwò pé sódíọ̀mù "fẹ́" yọ̀ǹda tirẹ̀. Kilojúùlù 496 ló ń náni láti yọ ẹ̀yọ kan lára átọ́ọ̀mù móòlù kan, kilóríìnì ò sì dá ju 349 padà. Kírísítà tí àwọn áyọ́ọ̀nù (Na⁺ àti Cl⁻ yẹn) ń kóra jọ sí, tó ń tú nǹkan bí 787 sílẹ̀, ló ń san gbèsè náà.

Èkejì ló ń pa yín. Na₂CO₃ (sódíọ̀mù kábọ́nétì) ni, ẹ sì ń kọ ọ́ ní NaCO₃, ẹ ó wá máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e dé ibi tó ti máa wó. Ìwọ̀n átọ́ọ̀mù Na jẹ́ 23, C jẹ́ 12, O jẹ́ 16. Èyí tó tọ́ jẹ́ 106. Tiyín jẹ́ 83. Wọ́n ní kí ẹ po 250 cm³ tó jẹ́ 0.050 mol/dm³: 0.050 × 0.250 × 106, gíráàmù 1.325 ló yẹ kẹ́ ẹ wọ̀n. Ẹ wọ̀n 1.0375. Omi yín ti ṣàn ju bó ṣe yẹ lọ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan bíúrẹ́ẹ̀tì.

Ká tiẹ̀ ní wọ́n ti bá yín po ó dáadáa ní láàbù. Ẹ fi píípẹ́ẹ̀tì fa 25.0 cm³, ẹ kán methyl orange (àwọ̀ tó ń fi òpin hàn) lẹ́ẹ̀mejì sí i, ásíìdì HCl sì kà 25.0 cm³ gééré. Na₂CO₃ kan ń gba HCl méjì, nítorí náà ásíìdì yẹn jẹ́ 0.100 mol/dm³. Ẹni tó kọ NaCO₃ á fi ọ̀kan sí ọ̀kan ṣe é, á rí 0.050. Ìdajì! Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kíkà rẹ̀ péye, máàkì lọ.

Kí ló fà á? Ẹ ò ka nǹkan. Kábọ́ọ̀nù mú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 4 ìta wá, ọ́síjìn mẹ́ta mú 6, 6, 6 wá: 22. Kí gbogbo wọn tó pé mẹ́jọ mẹ́jọ, 24 ni wọ́n nílò, torí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí méjì bá jọ pín, ẹ̀ẹ̀kan la kà á. Méjì tó kù ní láti ti ìta wá, sódíọ̀mù kan kò sì ní ju ẹyọ kan lọ láti fi sílẹ̀. Nítorí náà, sódíọ̀mù méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti omi eérú tí àwọn aláró ìlú wa ń sẹ́: K₂CO₃ (pọtáṣíọ̀mù kábọ́nétì) ló pọ̀ jù nínú iyọ̀ tó yọ́ sínú rẹ̀. Bó bá dé inú omi, K⁺ á ya lọ, ṣùgbọ́n CO₃²⁻ ò ní tú ká, torí àjọpín ni kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn inú rẹ̀ fi so mọ́ra.

Ẹ̀bi náà kì í sì í ṣe tiyín nìkan. Àwọn tó ń fi criss-cross (kẹ́ ẹ gbé nọ́ńbà orí áyọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan lọ sábẹ́ èkejì) kọ́ yín torí pé ó yá ni inú ń bí mi sí. Criss-cross á fún yín ní Mg₂O₂, wọ́n á ní kẹ́ ẹ gé e kúrú di MgO. Ó dáa. Lọ́jọ́ kejì ọmọ á gé H₂O₂ kúrú di HO, ta ni kó bi? Nínú iyọ̀, kò sí "NaCl kan" tó dá dúró. Na⁺ kọ̀ọ̀kan ní Cl⁻ mẹ́fà tó yí i ká, ìpín ọ̀kan sí ọ̀kan nìkan ni fọ́múlà ń sọ. H₂O₂ yàtọ̀: átọ́ọ̀mù mẹ́rin ló jọ so pọ̀ lóòótọ́, a kì í gé e. Ẹni tó bá kọ́ ọmọ ní ọgbọ́n àgégé láìsọ ibi tí kò ti ṣiṣẹ́, ó ṣì í lọ́nà ni. Mo ti sọ ọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú máa bínú.

Ẹ̀kẹta, kó má di pé mo gbàgbé: ẹ má fi phenolphthalein, àwọ̀ míì tó ń fi òpin hàn, rọ́pò methyl orange nínú iṣẹ́ Na₂CO₃ àti HCl yẹn. Àwọ̀ rẹ̀ á pòórá ní 12.5 cm³, nígbà tí CO₃²⁻ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba H⁺ kan, tó di HCO₃⁻. Àmì ìyọkúrò kan ṣì wà lórí rẹ̀, ásíìdì 12.5 cm³ míì ló sì kù kí ẹ tó dé òpin.