Ohun tí wíwa ọkọ̀ akẹ́rù ní pápá epo kọ́ mi

Àwọn tó ń bi mí bóyá kí àwọn wá wa ọkọ̀ akẹ́rù ní pápá epo sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí owó, n kò sì bá wọn jiyàn, nítorí owó tó jọjú wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ní Permian, ilẹ̀ epo tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Texas àti New Mexico ní Amẹ́ríkà, níbi tí mo ti ṣe é, ẹni tó ń kó omi tàbí yanrìn lè gbà ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń rin ọ̀nà jíjìn lọ nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀.

Ṣùgbọ́n ìdúró ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹ ó gbé yanrìn dé ìdí kànga lóru, ẹ ó bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti tò síwájú yín, bí ẹ̀rọ kan bá sì bàjẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi omi àti yanrìn fọ́ àpáta abẹ́ ilẹ̀, ilẹ̀ lè mọ́ bá yín lórí ìlà. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ béèrè bóyá wákàtí ni wọ́n fi ń sanwó tàbí iye ẹrù, àti ohun tí wọ́n ń san fún ìdúró. Mo bá ilé-iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ tí kì í san kọ́bọ̀ fún wákàtí méjì àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ oorun náà wà níbẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà gba ìwakọ̀ wákàtí 11 láàyè láàárín wákàtí 14, lẹ́yìn ìsinmi wákàtí 10. Ó yọ̀ǹda fún àwọn tó ń wa ọkọ̀ àkànṣe tí a ṣe fún iṣẹ́ kànga pé kí wọ́n má ka ìdúró wọn nídìí kànga mọ́ 14 yẹn. Àwọn ọ̀gá kan a máa fẹ́ na ìyọ̀ǹda yìí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kó omi tàbí yanrìn lásán, bẹ́ẹ̀ kò kàn án rárá. Ẹ má gbà fún wọn, nítorí ìjàm̀bá ọkọ̀ ló ń pa òṣìṣẹ́ epo jù lọ níbẹ̀, kì í ṣe iná kànga.

Táńkà tún ní ìwà tirẹ̀. Èyí tó kún dé ìdajì ṣòro wà ju èyí tó kún dáadáa lọ, torí omi inú rẹ̀ a máa rọ́ síwá rọ́ sẹ́yìn: ẹ ti tẹ bíréèkì, ẹ rò pé ọkọ̀ ti dúró, ìgbì náà á tún tì í síwájú. Bí ẹ bá sáré kọ kọ́nà, ó lè dojú ọkọ̀ dé.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni H2S, gáàsì olóró tó máa ń bá epo jáde láti inú ilẹ̀. Ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀, imú kò ní gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé imú yóò sì rò pé ó ti lọ. Ẹ̀rọ kékeré tó ń han bí gáàsì náà bá wà nítòsí ni mo máa ń fi há àyà. Kí n tó gun àkàbà táńkà tí wọ́n ń tọ́jú epo sí nídìí kànga láti wọn epo, n ó wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, n ó fi ẹ̀yìn gbà á, n ó sì gbé ojú kúrò bí mo bá ṣe ń ṣí ìdérí. Gáàsì tó ń jáde lára epo rọ̀bì fúnra rẹ̀, láìsí H2S, ti pa awakọ̀ rí lẹ́nu ìdérí bẹ́ẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Owó náà kì í dúró sójú kan. Ní àárín ọdún 2014 àgbá epo kan ju 100 dọ́là lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016 iye rẹ̀ ti já wálẹ̀ tí kò tó 30 dọ́là mọ́, nígbà tó sì di ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2020, iye epo Amẹ́ríkà já wálẹ̀ kọjá òdo. Bí iye bá ti já báyìí, awakọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá dúró. Ẹni tó fi owó ìgbà ọ̀pọ̀ ra mọ́tò tuntun láwìn ni ọ̀rọ̀ náà máa ń ká lára jù.

Ní tèmi, ẹni tó ti wakọ̀ pẹ́ díẹ̀, tí gbèsè kò sì wọ̀ lọ́rùn, ni mo máa ń gbà nímọ̀ràn pé kó wá. Kí ó gba àṣẹ táńkà àti ti ẹrù eléwu pọ̀, èyí tí wọ́n ń kọ X sí lórí ìwé ìwakọ̀, nítorí pẹ̀lú rẹ̀ ó lè gbé epo bẹntiróòlù fún àwọn ilé epo nígbà tí kànga bá dákẹ́.