Funfun tó wà lára táǹkì yín yẹn, ṣé iyọ̀ ni àbí ẹfun?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sin ẹja omi iyọ̀ nínú ilé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Ẹ náwó lórí ẹja, ẹ náwó lórí coral, àwọn ẹ̀dá inú òkun tó ń rí bí òdòdó yẹn, iná aláwọ̀ búlúù ń tàn, gbogbo pálọ̀ ń dán, àmọ́ tí oòrùn bá gba ojú wíńdò wọlé báyìí tó tàn sí gíláàsì yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ilà-ilà funfun ni èèyàn máa kọ́kọ́ rí. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí irú ẹ̀ nílé èèyàn, torí ẹni yẹn nu ún o, ó lè jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló nu ún, kò kàn mọ ohun tó ń nù ni.

Ohun funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ìta táǹkì, oríṣi méjì ni, oògùn wọn ò sì pa pọ̀.

Iyọ̀ ni àkọ́kọ́. Omi táǹkì wa jọ omi òkun, nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ ló máa ń wà nínú kílò omi kan, tí skimmer, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìfófòó kó ìdọ̀tí kúrò nínú omi, àti pọ́ǹpù bá wá ń da omi rú, omi á máa hó, á máa ta sí etí gíláàsì, omi inú ẹ̀ á gbẹ, iyọ̀ á jókòó síbẹ̀. Kò sì ní dúró lójú kan, torí èyí tó ti gan síbẹ̀ á tún máa fa omi mọ́ra, omi yẹn náà á gbẹ, iyọ̀ tuntun á gun ti àná lórí, bẹ́ẹ̀ ni èépá yẹn á ṣe máa rìn láti etí òkè bọ̀ wá sísàlẹ̀, á tọ ara wáyà, á dé ẹ̀yìn táǹkì níbi tójú ò tó.

Èkejì ni ẹfun, èyí ló sì ń dà wá láàmú jù ní London tí mò ń gbé. Omi ẹ̀rọ ibí le gan-an, torí ilẹ̀ olókùúta ẹfun ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti gbà kọjá, ẹ ṣáà wo inú kẹ́tùlù yín. Tẹ́ ẹ bá wá fi omi yẹn nu gíláàsì tẹ́ ẹ jẹ́ kó fúnra ẹ̀ gbẹ, ẹfun lẹ fi kùn ún yẹn. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀ ò le: ẹ fi omi RO, ìyẹn omi tí wọ́n fi ẹ̀rọ sẹ́ mọ́ tónítóní, rẹ ìka yín, ẹ fi kan ibẹ̀, ẹ dúró díẹ̀. Tó bá yọ́, iyọ̀ ni. Tó bá jókòó síbẹ̀ bó ṣe wà, ẹfun ni.

Omi RO tí a fi ń dí èyí tó bá fà nínú táǹkì, òun náà ni kẹ́ ẹ máa fi nu ìta, kò ní ẹfun, kò ní iyọ̀, tó bá gbẹ kò ní fi nǹkan kan sílẹ̀. Mo máa ń kọ́kọ́ pa iná táǹkì ná, torí tí gíláàsì bá gbóná omi á gbẹ kí ọwọ́ tó kàn án. Màá rẹ nápkíìn microfibre sínú omi RO tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, màá fún un dáadáa, màá wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ èépá iyọ̀ yẹn, mi ò ní tíì nù ún o, màá kàn fi sílẹ̀ níbẹ̀ kí iyọ̀ máa yọ́ wọnú aṣọ. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lábẹ́ ìka yín, á kọ́kọ́ máa rin yín lọ́wọ́ bíi yanrìn, tó bá yá á rọ̀, á wá ku gíláàsì nìkan. Ìgbà yẹn ni màá tó fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, màá ṣẹ́ aṣọ yẹn sí ojú ibi tó mọ́, màá tún fà á. Ibí yìí gan-an ni ilà ti ń wá! Omi iyọ̀ ti wà nínú nápkíìn yẹn, tẹ́ ẹ bá ń fi ojú kan náà nu òkè nu ìsàlẹ̀, omi iyọ̀ lẹ̀ ń kùn kiri, tó bá gbẹ ó di ilà. Nápkíìn kejì tó gbẹ ló máa ń tẹ̀ lé e kíá kí omi tó gbẹ fúnra ẹ̀.

Ẹ má fi aṣọ gbígbẹ họ iyọ̀ o. Á rún sílẹ̀, á já sórí coral, á já sórí púlọ́ọ̀gì, iyọ̀ tó bá sì rí omi díẹ̀ ń gbé iná. Torí náà tẹ́ ẹ bá ń nu gíláàsì, ẹ wo ẹ̀yìn táǹkì náà, kí wáyà kọ́kọ́ sọ̀ kálẹ̀ ju sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ kó tó gòkè wọ ibẹ̀, kí omi tó bá ń tọ ọ́ bọ̀ lè kán sílẹ̀.

Ti ẹfun, fínígà funfun ni, ẹ pò ó mọ́ omi RO ní ìdajì-ìdajì, ẹ fi sára aṣọ, ẹ nù ún, ẹ tún fi omi RO lásán nù ún tẹ̀ lé e. Èyí tó bá ti pẹ́ tí ò gbọ́ fínígà, bíléèdì tuntun ni, kí gíláàsì tutù, kẹ́ ẹ dà á dùbúlẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ má sì dé igun níbi tí sílíkónì wà, torí ohun tó di omi yẹn mú nìyẹn.

Síprè wíńdò ńkọ́? Mi ò gbà á láàyè nínú yàrá tí táǹkì bá wà. Àwọn kan nínú wọn ní amóníà, amóníà ló sì ń pa ẹja, àti pé pH omi táǹkì wa, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan sí, tó sábà máa ń wà láàárín 8.1 sí 8.4, ń jẹ́ kí oró ẹ̀ le sí i. Kì í kàn ṣe èyí tó bá ta sínú omi nìkan o, skimmer ń fa afẹ́fẹ́ yàrá yẹn wọlé tọ̀sán-tòru, ohun tẹ́ ẹ bá fọ́n sáfẹ́fẹ́, inú omi ló ń lọ. Tí ọmọ bá jẹ dòdò tán tó wá fi ọwọ́ epo tọ́ka sí ẹja, sípírítì díẹ̀ lórí aṣọ tẹ́ ẹ ti rẹ níta yàrá ti tó.

Àmọ́ tó bá jẹ́ acrylic, ìyẹn ike tó mọ́ bíi gíláàsì, ni tiyín, ẹ gbàgbé sípírítì, ẹ gbàgbé bíléèdì, ẹ gbàgbé amóníà, wọ́n á ba ojú ẹ̀ jẹ́. Omi RO àti aṣọ rírọ̀ nìkan. Ẹ sì máa fọ àwọn nápkíìn yẹn lọ́tọ̀, láìsí ọṣẹ olóòórùn tó ń mú aṣọ rọ̀, torí ọ̀rá ẹ̀ máa ń dúró sára aṣọ, ojú gíláàsì ló sì máa ń pọ̀ ọ́ sí.