Ẹ̀kọ́ Tí A Kọ́ Nídìí Ètò Ìrìn-Àjò Sicily: Òru Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Kà

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ètò ìrìn-àjò, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lórí Sicily, erékùṣù Ítálì, ni pé èèyàn á tẹ́ máàpù sílẹ̀, á fi bírò fa ìlà yí erékùṣù náà ká, á wá ní ọjọ́ méje tó. Kò tó. Òun ló tóbi jù nínú gbogbo erékùṣù Òkun Mẹditaréníà; ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi 25,700 kìlómítà onígun mẹ́rin, kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, òkè ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀nà tó dà bíi pé ó kúrú lórí máàpù, ó ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń lọ́ bí ejò.

Nítorí náà, iye òru tí oníbàárà máa sùn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí ẹ tó kọ orúkọ ìlú kankan. Bó bá jẹ́ òru méje, ẹ mú apá kan ṣoṣo. Apá ìwọ̀-oòrùn ni Palermo, Monreale, Segesta, Trapani, Erice àti Agrigento wà. Apá ìlà-oòrùn ni Catania, òkè ayọnáyèéfín Etna, Taormina, Siracusa, Noto àti Ragusa wà. Òru mẹ́wàá lè gba apá méjèèjì bí oníbàárà kò bá ní ojú kòkòrò. Ẹni tó bá fẹ́ yí i ká tán, kó tún rí ọjọ́ méjì jókòó sí etí òkun, òru mẹ́rìnlá ni kó wá. Ọjọ́ tí èèyàn bá pààrọ̀ òtẹ́ẹ̀lì, ìdajì ọjọ́ ti bá a lọ: ẹrù dídì, kọ́kọ́rọ́ dídá padà, wíwá ibi tí ọkọ̀ máa wà, dídúró de yàrá tí wọn kì í sábà ṣí fún àlejò ṣáájú aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán. Ibùdó mẹ́rin ló pọ̀ jù fún òru mẹ́wàá. Ẹ máa rí ètò tó ní méje lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má wò ó.

Èyí tí àwa fẹ́ràn ni kí wọ́n balẹ̀ sí Palermo, kí wọ́n sì gbéra padà láti Catania. Òru mẹ́ta ní Palermo, ọ̀kan ní Agrigento, mẹ́ta ní Siracusa, mẹ́ta tó kù ní Catania. Oníbàárà lè sọ pé tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ Palermo dínwó. Ẹ jọ ṣírò rẹ̀: láti Catania padà sí Palermo lójú ọ̀nà A19 tó nǹkan bíi 200 kìlómítà, wákàtí méjì ààbọ̀ bí ọ̀nà bá dá. Lóòótọ́, àwọn tó ń fi ọkọ̀ háyà máa ń bu owó lé e bí a bá gba ọkọ̀ nílùú kan tí a sì dá a padà nílùú mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ fi owó yẹn wé ọjọ́ kan gbáko tó máa ṣòfò lójú títì.

Ní Palermo, ẹrù lásán ni ọkọ̀. Pápákọ̀ òfurufú jìnnà sí ìgboro tó nǹkan bíi 35 kìlómítà, bọ́ọ̀sì àti rélùwéè sì ń ná an. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wo Cappella Palatina (ilé àdúrà àtijọ́ inú ààfin), kàtídírà àti ọjà Ballarò. Ní Ballarò yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà àti Gánà ló ń tajà lágbègbè ibẹ̀. Ẹni tí oúnjẹ Ítálì bá ti sú lọ́jọ́ kẹta, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ júwe fún un. Ìdajì ọjọ́ kan ni ti Monreale, tí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kún fún àwòrán olókùúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ wúrà. Bí oníbàárà bá ti Brazil wá, ẹ rán an létí pé Benedict, ẹni mímọ́ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní São Benedito lọ́dọ̀ wọn, San Fratello ní Sicily ni wọ́n bí i sí, ọmọ àwọn ẹrú láti Áfíríkà ni, Palermo ló sì kú sí ní 1589. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá ń kúrò ní Palermo ni kí wọ́n tó gba ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ka ọjọ́ méjì ní wákàtí-wákàtí, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí wà. Palermo sí Agrigento tó nǹkan bíi 130 kìlómítà. Ẹ fún un ní wákàtí méjì ààbọ̀, torí ọ̀nà yẹn kì í ṣe òpópónà márosẹ̀ látòkè délẹ̀. Kí wọ́n dé òtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sinmi. Àfonífojì àwọn tẹ́ńpìlì, níbi tí tẹ́ńpìlì Concordia ti dúró digbí láti nǹkan bíi 2,400 ọdún, kò ní ìbòòji tó ń gbani. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n wọlé, lẹ́yìn tí ẹ bá ti wo aago tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn lásìkò yẹn. Ẹnu ọ̀nà méjì ló wà. Kí wọ́n gba ti òkè, lẹ́bàá tẹ́ńpìlì Giunone, kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ti ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Porta V, kí takisí wá gbé wọn padà sídìí ọkọ̀. Àwọn tó bá gba ti ìsàlẹ̀ wọlé ni ẹ máa rí tí wọ́n ń mí hẹlẹ-hẹlẹ lójú òkè.

Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n kúrò láago mẹ́jọ àárọ̀. Láàárín aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ sí mẹ́wàá, wọ́n á dé Villa Romana del Casale lẹ́bàá Piazza Armerina, ilé olówó ará Róòmù kan láti ọ̀rúndún kẹrin, tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ ya àwòrán sí ilẹ̀ rẹ̀. Wákàtí méjì ni kí ẹ fún un. Kí wọ́n má sáré kọjá lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí wọ́n ti ya bí wọ́n ṣe ń kó ẹranko ilẹ̀ Áfíríkà sínú ọkọ̀ ojú omi. Kí wọ́n jókòó sídìí oúnjẹ kó tó di aago kan ọ̀sán, torí ilé ìdáná ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ máa ń pa iná láago méjì ààbọ̀, kò sì ní tún dá a títí di alẹ́. Ṣọ́ọ̀bù náà máa ń tì láti nǹkan bí aago kan sí mẹ́rin. Lẹ́yìn oúnjẹ, wákàtí méjì ni wọ́n máa fi wakọ̀ dé Siracusa. Bí oníbàárà bá ní kí wọ́n ya Noto lọ́jọ́ yẹn kan náà, ẹ ní rárá. Siracusa ló ti máa lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, torí kò jìnnà. Noto, Modica àti Ragusa ni ìmìtìtì ilẹ̀ 1693 wó palẹ̀, èyí tí wọ́n tún kọ́ ni àlejò ń lọ wò. Méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó fún ọjọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló ń kó èèyàn sí wàhálà jù. Ẹni tó ní láísẹ́ǹsì Nàìjíríà gbọ́dọ̀ mú ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ilẹ̀ òkèèrè dání pẹ̀lú rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó fúnni ní láísẹ́ǹsì ni wọ́n ti ń gba ìwé yìí, kò sẹ́ni tó máa ṣe é fún un tó bá ti dé Ítálì. Láísẹ́ǹsì oníkáàdì ti ìlú Ọba kò nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ ọtomátíìkì nìkan ni láísẹ́ǹsì rẹ̀ gbà á láyè kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ tí a ń fọwọ́ pa jíà rẹ̀ dà, bẹ́ẹ̀ ọtomátíìkì kò pọ̀ níbẹ̀; ẹ tètè gbà á sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Lẹ́yìn ìyẹn, káàdì. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ háyà kò ní fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ àyàfi bí káàdì bá jẹ́ ti kírẹ́díìtì, tó jẹ́ orúkọ awakọ̀ gan-an ló wà lára rẹ̀, tí àyè owó ìdógò sì wà nínú rẹ̀. Káàdì ìyàwó kò ṣeé lò fún ọkọ. Ẹ bi oníbàárà léèrè kí ó tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ sì bi í nípa ẹrù: àgbà mẹ́rin tí báàgì ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn wúwo tó kílò 23 kò lè wọ ọkọ̀ kékeré Fiat Panda, a sì mọ bí àwa ṣe ń di ẹrù.

Lẹ́yìn èyí ni ZTL, ìyẹn àárín ìlú àtijọ́ tí wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ àlejò wọ̀. Pálí funfun róbótó tí òrùka pupa yí ká ló wà lẹ́nu ọ̀nà, kámẹ́rà sì ń ya nọ́ńbà ọkọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà jù nìyí: bí pátákó oníná bá kọ “varco attivo”, èèyàn á rò pé ọ̀nà ti ṣí. Kámẹ́rà ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ má wọ̀ ọ́. “Varco non attivo” ni wíwọlé. Owó ìtanràn lè dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ á sì ti kọ́kọ́ yọ owó tiwọn lórí káàdì torí pé wọ́n fi orúkọ awakọ̀ ránṣẹ́. Bí òtẹ́ẹ̀lì bá wà nínú ZTL, ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú pé ṣé wọ́n lè fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà sílẹ̀. Ní Siracusa, kí wọ́n gbé e sí gáréèjì Talete ní etí Ortigia, erékùṣù kékeré tí ìlú àtijọ́ Siracusa wà, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn wọlé. Níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ní ìgboro, ìlà funfun jẹ́ ọ̀fẹ́, ìlà búlúù jẹ́ ti owó sísan, ìlà yẹ́lò kì í ṣe ti àlejò.

Nílé epo, “benzina” ni pẹtiróòlù. “Gasolio” ni dísù, bó ti wù kó jọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń pe pẹtiróòlù tó. Bí ẹ bá rọ ọ́ ṣì, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì rárá, ẹ pe àwọn tó ni ọkọ̀. Ibi tí wọ́n kọ “servito” sí, òṣìṣẹ́ ló ń rọ ọ́, ó sì wọ́n ju “fai da te” lọ, níbi tí awakọ̀ fúnra rẹ̀ ti ń rọ ọ́. Lọ́sàn-án àti lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀rọ nìkan ló sábà máa ń wà: ẹ fi owó sí i, ẹ tẹ nọ́ńbà pọ́ǹpù, kí ẹ tó rọ ọ́.

Oṣù Kẹrin sí ìdajì Kẹfà, àti Kẹsàn-án sí Kẹwàá, ni kí ẹ máa tà fún wọn. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹjọ 2021, ooru ẹ̀bá Siracusa dé ìwọ̀n 48.8 lórí Celsius, òun ló ga jù nínú àkọsílẹ̀ gbogbo Yúróòpù. Ọ̀rọ̀ “ọmọ Áfíríkà ni wá” kò gbani lọ́wọ́ ìyẹn. Ní àyíká ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, tí wọ́n ń pè ní Ferragosto, gbogbo Ítálì ló wà ní ìsinmi, yàrá á sì gbówó lórí.

Etna ga ju 3,300 mítà lọ. Ọkọ̀ á gbé wọn dé Rifugio Sapienza, ní nǹkan bíi 1,900 mítà; ọkọ̀ orí wáyà ń gbé èèyàn dé 2,500. Atẹ́gùn líle máa ń dá a dúró, nítorí náà ẹ má fi Etna sí ọjọ́ tó kẹ́yìn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta ti Catania ni kí ẹ fi í sí, kí ọjọ́ méjì lè wà fún àtúnṣe. Jákẹ́ẹ̀tì àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, kódà nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òkè náà bá ń tu eérú, wọ́n lè ti pápákọ̀ Catania. Ẹ ra ínṣọ́ránsì tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ń san owó ìdádúró bẹ́ẹ̀.

Físà Schengen, tí èèyàn fi ń wọ Ítálì: owó rẹ̀ fún àgbà jẹ́ 90 yúrò láti oṣù Kẹfà 2024, ínṣọ́ránsì ìlera rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 30,000 yúrò, oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò ni ẹ ti lè fi ìwé ìbéèrè físà náà sílẹ̀, ó pẹ́ jù, ọjọ́ 15 ṣáájú rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú Lọ́ńdọ̀nù ṣì máa gbà á bí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ bá jẹ́ ti ilé. Bí wọ́n bá gba Róòmù tàbí Frankfurt kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ṣe àyẹ̀wò ìwọlé fún wọn. Ẹ má fi wákàtí tó dín ní mẹ́ta sí àárín bàálù méjèèjì.

Lálẹ́ tó gbẹ̀yìn, ní Catania ni kí wọ́n sùn, kì í ṣe Taormina. Kí wọ́n rọ epo kún ọkọ̀ kí wọ́n tó dé pápákọ̀, kí wọ́n tọ́jú rísíìtì, kí wọ́n sì ya fọ́tò igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ àti ojú mítà epo rẹ̀ níbi tí wọ́n bá dá a dúró sí, kí wọ́n tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.